Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn iṣẹ́ kan wà láyé tí ó jẹ́ pé yíyọ kúrò ni a fi ń ṣe àfikún nínú wọn. Agbẹ́dó kì í fi igi kún igi. Àáké ni ó ń mú, tí ó fi ń gbẹ́ inú ìtì igi jáde díẹ̀díẹ̀; bí igi náà sì ti ń dínkù ni odó ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti agbẹ́lù. Igi ọmọ̀ tí a kò tíì gbẹ́ inú rẹ̀, igi ìdáná lásán ni. Àyè tí ó ṣófo nínú rẹ̀ ni ohùn ìlù ń gbé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá ti dúró ti agbẹ́dó tàbí agbẹ́lù rí ni ó mọ̀ pé ibì kan wà tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí ògiri odó bá fẹ́lẹ́ jù, ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ gún iyán gidi nínú rẹ̀ ni yóò là sí méjì.

Mo ka iṣẹ́ kan kún irú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ní ayé tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀mọ̀wé kò kà á sí ohun tí ó yẹ kí a kọ sínú ìwé tí ó dá lé àṣà. Iṣẹ́ náà ni èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ríbóò: kí a gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀, kí a tú u palẹ̀, kí a fi ọ̀bẹ irin gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ kí ihò náà lè fẹ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, kí a sì wá písítìnì tí ó tóbi jù ti àkọ́kọ́ lọ fi sínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọ̀rọ̀ irin àti epo kò kan àṣà, kí onítọ̀hún rántí pé Ògún kò kúrò láàrin wa. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni ojúbọ rẹ̀ tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìlú ńlá wà lónìí.

Ẹ tẹ́tí sí bí mẹkáníìkì Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó sì rí i pé kì í ṣe irin ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa wúkọ́. A máa mu epo, a máa jẹ ọ́ìlì. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kò ní lè gun òkè. Ó lè kú sójú títì, kí wọ́n tì í, kí ó sì jí. Orúkọ òyìnbó ni àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ń jẹ́, àwọn bíi písítìnì, ríìngì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti kíráńkì, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ gbogbo, ìṣe ẹlẹ́mìí ni a fi ń pè é. Nítorí náà, nígbà tí mẹkáníìkì bá sọ fún olówó ọkọ̀ pé ó ti di dandan kí wọ́n ṣe ríbóò, bí ẹni pé dókítà ní kí wọ́n gbé aláìsàn lọ fún iṣẹ́ abẹ ni ó máa ń rí lára onítọ̀hún.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò tú ẹ́ńjìnnì rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Sílíńdà jẹ́ ihò róbótó tí inú rẹ̀ ń dán. Inú ihò yìí ni písítìnì ti ń lọ sókè, tí ó ń bọ̀ wá sílẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, a fa afẹ́fẹ́ àti epo bẹntiróòlù wọlé. Bí ó bá ń gòkè, a fún wọn pọ̀. Iná a sì ràn wọ́n, wọn a bú, wọn a ti písítìnì padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára. Títì yìí ni ó ń yí kíráńkì, tí kíráńkì fi ń yí táyà. Àyè tí písítìnì ń gbá kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìlọ́po iye sílíńdà, ni a ń pè ní ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì. Òun ni a ń sọ nígbà tí a bá ní ọkọ̀ kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún tàbí ẹgbẹ̀rún méjì. Bí àyè náà bá ti tóbi tó ni afẹ́fẹ́ àti epo tí ó lè gbà mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti pọ̀ tó.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà sọ àyè yìí di ńlá. Ó lè mú kí ìrìn písítìnì gùn sí i, ó sì lè mú kí ihò fẹ̀ sí i. Fífẹ ihò ní èrè kan tí gígùn ìrìn kò ní, nítorí pé ìbú ihò ni a ń sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ nínú ìṣirò. Bí a bá fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún ìbú ihò, ohun tí ó lé ní mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni a ó rí gbà nínú àyè. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹ́ńjìnnì fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ìtàn ọkọ̀ Peugeot, tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mọ owó, fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1955 ni wọ́n gbé 403 jáde. Ìbú ihò sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 80 mílímítà, ìrìn písítìnì rẹ̀ sì jẹ́ 73. Àpapọ̀ àyè sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1,468 síísíì. Nígbà tí 404 dé ní ọdún 1960, wọn kò fọwọ́ kan ìrìn písítìnì. Ihò ni wọ́n fẹ̀ dé 84, ẹ́ńjìnnì sì di 1,618. Ọkọ̀ yìí ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1963, tí ó tún gbà á léraléra ní ọdún 1966, 1967 àti 1968. Ní ọdún 1968 ni 504 jáde. Ihò dúró ní 84, ṣùgbọ́n ìrìn písítìnì gùn dé 81, ẹ́ńjìnnì di 1,796. Kò ju ọdún méjì lọ tí wọ́n tún fi padà sórí ihò, tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé 88, ẹ́ńjìnnì sì di 1,971. Mílímítà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kún un, wọ́n sì jèrè 175 sííséì láìfi ohunkóhun kún gígùn ìrìn rẹ̀. 504 yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, òun ni ọ̀gá àgbà ìjọba ń gùn, òun náà sì ni ó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Bí ẹ bá ti jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ rí, ẹ̀yin náà ti jẹ nínú èrè ihò fífẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ ihò yẹn. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì Peugeot wọ̀nyí, ihò kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù gan-an. Páìpù irin lọ́tọ̀ ni, tí omi ń yí ká, tí a sì lè fà yọ kí a fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n mọ iye àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí ó ń fẹ ihò tí ẹlòmíràn ṣe.

Amẹ́ríkà ni a ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jù lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tuntun rẹ̀ jáde fún ọdún 1955, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 265 íǹṣì onígun mẹ́ta, èyí tí ó tó lítà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ náà fẹ ihò rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì, ó di 283. Kò tẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ sáré lọ́rùn. Wọ́n gbé 283 yìí lọ sọ́dọ̀ oníríbóò, wọ́n tún ní kí ó yọ ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì mìíràn, ó sì di 301. Búlọ́ọ̀kù kan gbà á, òmíràn kò gbà á. Ìdí ni pé iyanrìn tí wọ́n fi ṣe inú búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń rọ irin gbígbóná sí i a máa yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ògiri sílíńdà a sì nípọn ní apá kan ju èkejì lọ. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ẹ láìwọ̀n ọ́n lè gbọ́ igbe ayọ̀ ní ọjọ́ kìíní, kí ó sì rí omi nínú ọ́ìlì rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Iṣẹ́ gbígbẹ́ ihò irin fúnra rẹ̀ ti pẹ́ ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Ìbọn ńlá ogun ni ó kọ́kọ́ mú un wá. Ní ọdún 1774, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Wilkinson gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tuntun tí ó fi ń gbẹ́ ihò ìbọn. Ní àkókò kan náà, James Watt ń jà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì alágbára omi gbígbóná rẹ̀, nítorí pé sílíńdà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe fún un kò rí róbótó, ooru omi sì ń sá gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì jáde. Wilkinson ṣe ẹ̀rọ mìíràn fún sílíńdà, tí ọ̀pá tí ó gbé ọ̀bẹ gba inú rẹ̀ já, tí a sì dì í mú ní ìhà méjèèjì kí ó má baà mì. Ní ọdún 1776, Matthew Boulton tí ó jẹ́ alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Watt kọ̀wé pé nínú sílíńdà kan tí ìbú rẹ̀ tó 50 íǹṣì, kò sí ibi tí àṣìṣe rẹ̀ ju bí owó ṣílè àtijọ́ kan ti nípọn tó lọ. Ìyanu ni ó jẹ́ nígbà náà. Láti inú ìyanu yẹn ni ayé ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí pé agbára kò wúlò bí a kò bá rí ìtẹ́ tí ó bá a mu gẹ́gẹ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ebi agbára kọ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sọ́dọ̀ oníríbóò. Àárẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni. Písítìnì tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́jọ́ gbogbo a máa jẹ ògiri sílíńdà. Kì í sì í jẹ ẹ́ dọ́gba. Òkè, níbi tí iná ti ń jó tí ọ́ìlì kì í tó, ni ó ń jẹ jù. Ẹ̀gbẹ́ tí kíráńkì ń ti písítìnì sí ni ó sì ń jẹ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Nígbà tí ó bá pẹ́, ihò tí ó rí róbótó tẹ́lẹ̀ a wá rí bí ẹyin, òkè rẹ̀ a sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ríìngì kò ní lè dí àlàfo mọ́. Ọ́ìlì a máa gòkè lọ jóná, èéfín aláwọ̀ sánmà a máa jáde ní ẹ̀yìn ọkọ̀, agbára a sì lọ. Kò sí bí a ṣe lè fi irin tí ó ti jẹ padà sára ògiri. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni kí a yọ èyí tí kò tíì jẹ pẹ̀lú, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dọ́gba. A ń ba èyí tí ó dára jẹ́ kí ó lè bá èyí tí ó bàjẹ́ mu, a sì ń pe èyí ní àtúnṣe. Àtúnṣe sì ni lóòótọ́.

Mo mọ ọ̀gá kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí Agodi Géètì ní Ìbàdàn, níbi tí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ wà. Ó ti di olóògbé báyìí. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ka ohun tí ojú ọ̀mọ̀wé kò lè kà. Kí ó tó fi ọ̀bẹ kan irin, á wọn ihò kọ̀ọ̀kan ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀, á tún yí ohun ìwọ̀n náà padà, á sì wọ̀n ọ́n ní ìbú kejì. Ìwọ̀n mẹ́fà fún ihò kan, mẹ́rìnlélógún fún ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀kì ni ó fi ń kọ ọ́ sára pátákó. Àwọn písítìnì ófásáìsì kì í wá bí a bá ti fẹ́. Ìdá mẹ́rin-mẹ́rin mílímítà ni wọ́n fi ń ga ju ara wọn lọ, láti 0.25 dé 1.00. Ìwọ̀n íǹṣì ni àwọn àgbà inú iṣẹ́ fi ń pè é, tí wọn a ní “tẹ́ẹ̀nì,” “túẹ́ńtì,” “tátì,” “fọ́tì.” Ọ̀gá á kọ́kọ́ gba písítìnì lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, á wọn òun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi nọ́ńbà sí i lórí, nítorí pé ihò kọ̀ọ̀kan ni yóò gbẹ́ bá písítìnì tirẹ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ bíńtín, á dá ọ̀bẹ dúró, á fi òkúta ìlọ̀ parí rẹ̀, á sì jẹ́ kí ilà wẹ́wẹ́ tí ó dábùú ara wọn ṣẹ́kù sára ògiri. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí ó dán bíi dígí. Ó ní, “Bí ògiri bá dán jù, ọ́ìlì kò ní rí ibi dì mú.”

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ ní ọdún 1989. Toyota Corolla ni ọkọ̀ náà, takisí ni Bàbá sì fi ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 4K ni ó wà nínú rẹ̀: ihò 75 mílímítà, ìrìn 73, sííséì 1,290. Kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́ o. Láti inú owó tí ó ń pa wálé lálẹ́ ni wọ́n ti ń san owó ilé, láti inú rẹ̀ náà ni owó ilé-ìwé àwọn àbúrò mi méjì tí ó kéré jù ti ń jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe ríbóò fún un ṣáájú, àkọ́kọ́ dé 0.50, èkejì dé 1.00. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, gbogbo ilé ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di méjì.

Ọmọ Bàbá ọkùnrin, tí ó ń bá a wa ọkọ̀ náà ní ọ̀sán, bá wa lọ. Ó ti gbọ́ níbi kan pé bí ihò bá ṣe fẹ̀ tó ni ọkọ̀ ń lágbára tó. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa fẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ wá písítìnì ọkọ̀ mìíràn tí ó tóbi fún wa. Mo fẹ́ kí ó máa fò gun Òkè Mápó bí ẹyẹ.”

Ọ̀gá kò bínú. Ó fà á mọ́ra lọ síbi tí búlọ́ọ̀kù náà wà, ó ní, “Ọmọ mi, wo ibí yìí. Ihò yìí àti èkejì rẹ̀, ṣé o rí ilẹ̀ tí ó wà láàrin wọn? Gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń jókòó síbẹ̀. Bí mo bá fẹ èyí, tí mo fẹ ìyẹn, níbo ló fẹ́ kó jókòó sí? Omi ló sì wà lẹ́yìn ògiri yìí. Èmi ò rí omi náà, ìwọ náà ò rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó ń dúró dè wá.”

Ọmọkùnrin náà ní, “Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ ní mílímítà kan rí, sà, kò sì ṣe nǹkan kan.”

“Kò ṣe nǹkan kan lóòótọ́. Agbára wo lẹ wá rí nínú rẹ̀?”

Kò rí ìdáhùn. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra mi nígbà tí mo délé. Mílímítà kan tí wọ́n ti yọ yẹn gbé ẹ́ńjìnnì náà láti 1,290 dé nǹkan bí 1,325. Sííséì márùndínlógójì ni èrè rẹ̀. Bí a bá bu omi tí ó tó bẹ́ẹ̀, kò ju ṣíbí ìjẹun ńlá méjì ààbọ̀ lọ. Èyí ni gbogbo àyè tí a rí, bẹ́ẹ̀ ògiri tí a fi rà á kò lè padà wá mọ́.

Ọ̀gá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni òun mọ̀ tí ó ní àlàáfíà. Kí wọ́n ki sílíìfù bọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn páìpù irin tí a fi agbára tẹ̀ wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, kí wọ́n gbẹ́ inú páìpù náà padà sí 75, kí wọ́n sì ra písítìnì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti àtilẹ̀wá. Lọ́rọ̀ kan, kí ẹ́ńjìnnì padà kéré.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Iṣẹ́ sílíìfù gbówó lórí ju ríbóò lásán lọ, yóò sì gbà tó ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ Bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé, nítorí pé òtítọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ márùn-ún tí ọkọ̀ kò bá jáde, ọjọ́ márùn-ún tí ilé kò jẹun ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ra ẹ́ńjìnnì odindi tí wọ́n ti lò ní òkè òkun, àárọ̀ ni wọ́n gbé e dé, ìrọ̀lẹ́ ni ó ti ń kó èrò. Kí ni a ń fi ọjọ́ márùn-ún wá nínú irin àgbà? Bàbá kò dá a lóhùn níbẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé, “Ta ló lo èyí tí wọ́n ń gbé wá yẹn tẹ́lẹ̀?” Ọ̀gá ní, “Ẹ ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.” Bàbá ní, “Èmi mọ ẹni tó lo tèmi.” Owó èésú rẹ̀ tí ó fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ni ó gbé kalẹ̀.

Wọ́n ṣe é. Ọ̀gá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fi ọkọ̀ náà sáré fún ẹgbẹ̀rún kìlómítà àkọ́kọ́, kí ríìngì tuntun àti ògiri tuntun lè mọ ara wọn. Ọmọ Bàbá wà á pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n ó wà á jẹ́jẹ́. Kò fò gun Òkè Mápó bí ẹyẹ. Ó gùn ún bí takisí. Ọdún 1996 ni Bàbá tó tà á, ẹni tí ó rà á ṣì wà á lọ lójú wa, láìsí èéfín. Àwọn àbúrò mi méjèèjì ti parí ilé-ìwé girama nígbà náà.

N kò sọ ìtàn yìí láti fi bú àwọn tí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì odindi. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986 ti gba náírà lọ́wọ́ wa; ọkọ̀ tuntun di ohun àwòmọ́jú, àwọn ohun tí òyìnbó ti lò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí omi. Tòkunbọ̀, orúkọ tí àwọn òbí fi ń ṣàpọ́nlé ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, di orúkọ ọkọ̀ àlòkù. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní Bẹ́líjíọ̀mù. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin kún fún ẹ́ńjìnnì tí a tò bí ìtì igi. Ẹni tí ó ní ẹbí láti bọ́ kò lè dúró de ọ̀gá tí ń wọn ihò kan lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ó bá a lọ pẹ̀lú. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ni mo bá lọ́dọ̀ ọ̀gá náà ní ọdún 1989. Nígbà tí mo yà kí i ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ẹyọ kan ni ó kù. Àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ náà lónìí, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹrù ńlá, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ̀rọ ata ni wọ́n ń rí ṣe jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà ìwòyí pẹ̀lú, ògiri sílíńdà wọn ti fẹ́lẹ́ láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n wá, kò sí àyè ríbóò kankan nínú rẹ̀. A ṣe wọ́n kí a lò wọ́n tán ni.

Ohun tí ó ń dùn mí kì í ṣe pé ẹ̀rọ àtijọ́ ń lọ. Ẹ̀rọ a máa lọ, òmíràn a máa dé. Ohun tí ó ń dùn mí ni ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó, kí ọ̀bẹ tó kan irin. Níbo ni ọmọ wa yóò ti kọ́ irú sùúrù bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ tí ó ń kọ́ni bá parun? Mo ń wo bí a ti ń fẹ àwọn nǹkan mìíràn láàrin wa. À ń fẹ ayẹyẹ: ìsìnkú tí wọ́n ń fi ọjọ́ kan ṣe di ti ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ ẹbí ẹyọ kan di mẹ́ta. À ń fẹ ìlú, láìbéèrè ibi tí omi rẹ̀ ń gbà. Ní ọdún 1967, ìpínlẹ̀ méjìlá ni orílẹ̀-èdè yìí ní. Ó di 19 ní ọdún 1976, ó di 36 ní ọdún 1996, ẹkún pé kò tíì tó sì ń lọ. Mi ò sọ pé gbogbo fífẹ̀ ni ó burú. Bí Peugeot kò bá fẹ ihò, a kì bá tí rí 504 gùn. Ṣùgbọ́n Peugeot mọ bí ògiri rẹ̀ ti nípọn tó.

Oríṣi ríbóò méjì ni ó wà, ọ̀bẹ kan náà ni a sì fi ń ṣe méjèèjì. Ẹni kan ń gbẹ́ nítorí pé ohun tí ó ní kò tó o. Ẹnì kejì ń gbẹ́ kí ohun tí ó ní lè tún wúlò. Irin tí àwọn méjèèjì ń yọ kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fúnra wọn. Ẹni tí ó rọ búlọ́ọ̀kù náà ni ó fi ìpọn ògiri sílẹ̀ fún wọn bí ogún, ẹ̀ẹ̀kan ni a sì ń ná irú ogún bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa ní Agodi Géètì kò kọ̀ láti gbẹ́. Gbígbẹ́ ni ó ń jẹ, gbígbẹ́ ni ó ń mu. Ohun tí ó kọ̀ ni kí ó gbẹ́ láìkọ́kọ́ wọ̀n. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá wá bá mi lónìí, tí ó ní òun fẹ́ fẹ ohun tí òun jogún, ìbáà ṣe ẹ́ńjìnnì, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe oyè tàbí àṣà, èmi kì í sọ pé kí ó má ṣe é. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé: iye ìgbà mélòó ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí ó tó kàn ọ́, báwo sì ni ògiri tí ó kù ti nípọn tó?